Láti Ọwọ́ Alájọ Dé Orí Fóònù: Ta Ni Ó Ń Gbà Yín Nímọ̀ràn Nípa Owó?

Àwọn àgbà ní díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni fóònù ṣe wọ inú ètò ìnáwó ilé wa. Nígbà tí a kọ́kọ́ rà á, kí a lè máa kí àwọn òbí wa ní ìlú ni a fi rà á. Nígbà tí ó yá, ó di àpò owó. Àpò owó náà di báńkì. Ní òní, ó ti di olùdámọ̀ràn. Òun ni ó ń sọ fún ìyàwó ilé pé owó oúnjẹ oṣù yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Òun ni ó ń rán an létí pé ọjọ́ ìfowópamọ́ ti pé. Òun náà ni ó sì ń fi owó yíyá lọ̀ ọ́ ní ọjọ́ tí ọwọ́ bá há. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ìyá wa máa ń gbé tọ alájọ, ìyálọ́jà tàbí ẹ̀gbọ́n wọn lọ ni ọ̀pọ̀ abiyamọ òde òní ń bi fóònù léèrè ní òru, nígbà tí ọmọ bá ti sùn.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Owó tí ó wà ní ọwọ́ abiyamọ ni owó iléèwé, owó oògùn àti owó ọbẹ̀. Bí ìmọ̀ràn tí ó gbà bá dára, gbogbo ilé ni yóò rí ìsinmi. Bí ìmọ̀ràn náà bá wọ́, ọmọ ni ó máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Nítorí náà, ó yẹ kí a mọ irú ẹni tí olùdámọ̀ràn tuntun yìí jẹ́, ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, àti ibi tí a kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé e dé.

ÀWỌN OLÙDÁMỌ̀RÀN ÀTIJỌ́

Yorùbá ti ń fi owó pamọ́ kí òyìnbó tó kọ́ báńkì sí ilẹ̀ wa. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ó ṣàlàyé èésú gẹ́gẹ́ bí àṣà tí gbogbo ènìyàn mọ̀: àwọn ènìyàn a kó ara wọn jọ, wọn a máa dá iye kan náà ní àkókò kan náà, ẹnìkọ̀ọ̀kan a sì máa kó gbogbo owó náà nígbà tí ó bá kàn án. Àṣà yìí lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ó bá àwọn ènìyàn wa kọjá òkun. Títí di òní, sou-sou ni àwọn ará Trinidad ń pè é.

Alájọ ní tirẹ̀ a máa lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ pẹ̀lú káàdì rẹ̀. Bí obìnrin kan bá ń dá 500 náírà lójúmọ́, ní oṣù tí ó ní ọjọ́ 31, owó rẹ̀ yóò jẹ́ 15,500 náírà. Alájọ yóò mú owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, yóò sì kó 15,000 náírà lé e lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ṣírò rẹ̀ yóò rí i pé kàkà kí owó náà bí èlé, ó dín kù ni. Kí ni ó dé tí àwọn ìyá wa fi gbà bẹ́ẹ̀? Wọ́n gbà nítorí pé alájọ mọ̀ wọ́n. Ó mọ oṣù tí ọjà kò tà, ó mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sí iléèwé gíga. Bí ẹnìkan bá sì fẹ́ gba owó rẹ̀ kí oṣù tó pé nítorí aṣọ ẹbí, alájọ rere a ní, "Ìyá, ẹ ní sùúrù. Ṣé ẹ kò ní owó iléèwé í san ni?" Ìmọ̀ràn nìyẹn, kò sì gba owó mìíràn lé e.

Ṣùgbọ́n àìsàn pọ̀ lára ètò náà. Alájọ mìíràn a sá lọ, òmíràn a kú pẹ̀lú ìwé owó rẹ̀. Bí owó bá sì wà ní ìsàlẹ̀ àpótí tàbí ní ọwọ́ alájọ láìbí èlé, ọ̀wọ́n gógó ọjà yóò máa jẹ ẹ́ bí ikán ti ń jẹ igi. Àjọ tí ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọ̀wọ́n gógó ọjà ní oṣù Kejìlá 2024 ti dé ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọjà tí a rà ní 10,000 náírà ní ọdún kan ṣáájú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di 13,500 náírà. Ẹni tí ó bá tọ́jú 10,000 náírà sí abẹ́ ìrọ̀rí ní gbogbo ọdún náà kò sọ owó nù lójú, ṣùgbọ́n agbára owó náà ti lọ.

KÒLÓ TÍ Ó WỌ INÚ FÓÒNÙ

Ní ìparí ọdún 2015, obìnrin kan gbé àwòrán kòló onígi rẹ̀ sí orí ẹ̀rọ ayélujára. Ó ti fi 1,000 náírà sínú rẹ̀ lójoojúmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, nígbà tí ó sì fọ́ ọ, 365,000 náírà ni ó bá níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà mélòó kan rí i, ọmọbìnrin kan tí ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, Ọdúnayọ̀ Ewéníyì, sì wà lára wọn. Wọ́n rò ó pé bí kòló onígi bá lè ṣe èyí, kí ni kòló tí ó wà lórí fóònù kò lè ṣe? Ní 2016 ni wọ́n dá ètò tí wọ́n pè ní Piggybank sílẹ̀. Òun ni ó yí orúkọ padà sí PiggyVest ní 2019. Irú rẹ̀ mìíràn ti pọ̀ lẹ́yìn náà. A kò dárúkọ wọn kí ẹnikẹ́ni lè sáré lọ fi owó síbẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí a rí ni pé ọgbọ́n àwọn obìnrin wa ni ẹ̀rọ náà kọ́ kí ó tó máa kọ́ àwọn obìnrin.

OHUN TÍ Ẹ̀RỌ MỌ̀ Ọ́N ṢE

Iṣẹ́ mẹ́ta ni ẹ̀rọ ń ṣe dáadáa. Èkíní ni ìrántí. Àwa ènìyàn a máa rántí owó ńlá tí a ná, a kì í rántí owó wẹ́wẹ́. Ẹ̀rọ a máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: owó ọkọ̀, owó káàdì fóònù, owó ìpanu. Ní òpin oṣù, yóò fi hàn wá pé ohun tí a pè ní "kékeré yẹn" ti kóra jọ di owó ńlá.

Èkejì ni ìdúró ṣinṣin. A lè pàṣẹ fún un pé kí ó máa yọ 500 náírà lójúmọ́, kí ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn títí di ọjọ́ tí a bá dá. Kò ní gbàgbé, ojú kò sì ní tì í láti sọ pé ọjọ́ kò tíì pé.

Ẹ̀kẹta ni pé ó ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Ní ayé àtijọ́, ta ni yóò jókòó gba aláta nímọ̀ràn nípa yíyá ìjọba lówó láti gba èlé? Láti 2017, ìjọba àpapọ̀ ti ń ta ìwé ẹ̀yáwó fún àwọn tí ń fi owó pamọ́, tí ẹni tí ó ní 5,000 náírà péré lè rà. Ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni a ń fi owó náà sílẹ̀, oṣù mẹ́ta mẹ́ta sì ni a ń gba èlé. Ní báyìí, ìyá tí ó wà ní Ìkirè tàbí Ṣakí lè ka nípa rẹ̀ lórí fóònù láìwọ ọkọ̀ lọ sí Èkó.

Ẹ jẹ́ kí a fi aránṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó fẹ́ san 90,000 náírà owó iléèwé ní oṣù Kẹsàn-án. Ó fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní ọdún méjì sí i. Ó sì fẹ́ kí owó díẹ̀ wà nílẹ̀ nítorí àìsàn òjijì. Ẹni tí kò bá ronú yóò pe gbogbo rẹ̀ ní "owó tí mo fi pamọ́". Ṣùgbọ́n owó mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta, 500 náírà lójúmọ́ fún oṣù mẹ́fà yóò tó owó iléèwé; èyí ni ó yẹ kí ó tì pa. Owó ẹ̀rọ ìránṣọ lè lọ sí ibi tí yóò ti pẹ́ díẹ̀ kí ó lè bí èlé. Owó àìsàn ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbi tí a ti lè mú un ní aago méjì òru. Aṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí abiyamọ ti gbogbo owó pa nítorí èlé, kí ó wá máa wá owó yá nígbà tí ara ọmọ bá gbóná. Ìgbà tí a ó lo owó ni ó yẹ kí ó sọ ibi tí a ó fi owó sí.

ẸNI TÍ A Ń BI LÉÈRÈ NÍ ÒRU

Ní Amẹ́ríkà, láti bí ọdún 2010 ni àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Betterment ti ń lo ẹ̀rọ láti gba ènìyàn nímọ̀ràn. Ẹ̀rọ náà a bi ẹni ní ọjọ́ orí rẹ̀, ìgbà tí ó fẹ́ lo owó rẹ̀, àti bí yóò ti rí lára rẹ̀ bí owó náà bá dín kù. Lẹ́yìn èyí, yóò pín owó náà sí oríṣiríṣi òwò. Ìmọ̀ràn tí àwọn olówó nìkan ń sanwó fún tẹ́lẹ̀ di ohun tí akọ̀wé kékeré lè rí gbà.

Nígbà tí ó di oṣù Kọkànlá 2022, ChatGPT jáde, ọ̀rọ̀ náà sì gba ọ̀nà mìíràn. A kò tún máa dáhùn ìbéèrè ẹ̀rọ mọ́, àwa ni a ń bi í. A lè kọ̀wé sí i ní èdè Yorùbá pé: "Mo ní 80,000 náírà. Ṣé kí n fi kún ọjà mi ni, àbí kí n fi san gbèsè?" Kí a tó ṣẹ́ ojú, yóò ti dáhùn. Kì í rẹ́rìn-ín ẹni. Kì í sọ ọ̀rọ̀ ẹni fún aládùúgbò. Fún obìnrin tí ojú ń tì láti béèrè ohun tí èlé lórí èlé jẹ́, àǹfààní ńlá ni.

Síbẹ̀, ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Ẹ̀rọ yìí ti ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìwé náà ni a kọ fún ilẹ̀ tí iná kì í kú, tí owó oṣù kì í pẹ́. Ó lè sọ èlé ọdún tí ó kọjá bí ẹni pé ti òní ni. Bí ó bá ṣì, ohùn rẹ̀ kì í yí padà; bí ó ti ń sọ òtítọ́ náà ni ó ń sọ àṣìṣe. Kò sì mọ̀ pé ìnáwó àna yín ń bọ̀ ní oṣù tí ń bọ̀, àfi bí ẹ bá sọ fún un. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tí kò yé yín. Ẹ jẹ́ kí ó bá yín ṣe ìṣirò, kí ẹ sì tún un ṣe fúnra yín. Ẹ jẹ́ kí ó to ìbéèrè tí ẹ ó bi òṣìṣẹ́ báńkì sílẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tẹ nọ́ńbà àṣírí káàdì yín tàbí nọ́ńbà BVN yín sínú rẹ̀ láéláé.

ÒṢÓMÀÁLÓ ORÍ FÓÒNÙ

Àwọn àgbà ṣì ń rántí àwọn Òṣómàáló, àwọn ará Ìjẹ̀ṣà tí ń kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n sì ń tà á ní àwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí wọn yóò fi gba owó wọn. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ìtìjú ni ohun ìjà wọn, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ẹni nìkan ni ìtìjú náà mọ.

Áàpù tí ń yá ènìyàn lówó mú ọgbọ́n yìí, ó sì sọ ọ́ di ìkà. Àwọn kan nínú wọn a kó gbogbo nọ́ńbà tí ó wà nínú fóònù ẹni tí ó yáwó. Bí owó bá pẹ́, wọn a ránṣẹ́ sí àna, sí ọ̀gá ibi iṣẹ́, sí olùkọ́ ọmọ, pé olè ni onítọ̀hún. Ìwà yìí burú tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ ìjọba tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, FCCPC, fi ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan ní Èkó ní 2022, tí ó sì pàṣẹ ní ọdún kan náà pé kí gbogbo wọn wá forúkọ sílẹ̀. Láti ìparí oṣù Karùn-ún 2023 ni Google náà ti fi òfin dè é pé áàpù tí ń yáni lówó, tí a ń gbà láti inú ìsọ̀ rẹ̀, kò gbọdọ̀ wo orúkọ àwọn ènìyàn tàbí àwòrán tí ó wà nínú fóònù oníbàárà. Ṣùgbọ́n áàpù tí a fi ìlujá ránṣẹ́ sí ni láti ẹ̀yìn ìsọ̀ náà kò sí lábẹ́ òfin yìí.

Ẹ ṣe ìṣirò kí ẹ tó yá. Ká ní ẹ béèrè 20,000 náírà. Wọ́n yọ 2,000 fún iṣẹ́ wọn, 18,000 ni ó dé ọwọ́ yín. Lẹ́yìn ọjọ́ 14, wọ́n ní kí ẹ san 23,000. Ẹ ti san 5,000 náírà lórí 18,000, èyí tí ó ju ìdá mẹ́rin owó náà lọ, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọjà wo ni a ń tà tí yóò mú irú èrè bẹ́ẹ̀ wá kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé? Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó wà ní àdúgbò tàbí ní ibi iṣẹ́ lè pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dáhùn, ṣùgbọ́n ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

ÈRÈ ÀJẸPAJÚDÉ

Ẹ̀rọ kan náà tí ń gbé ìmọ̀ràn rere wá ni ó ń gbé tàwọn ẹlẹ́tàn wá. MMM, tí Sergei Mavrodi dá sílẹ̀ ní Rọ́ṣíà, tí ó sì wó níbẹ̀ ní 1994, tún gba orí fóònù wọ Nàìjíríà. Ó ṣèlérí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Ní oṣù Kejìlá 2016, nígbà tí Kérésìmesì ń sún mọ́lé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ènìyàn. Ní oṣù Kẹrin 2025, a tún rí irú rẹ̀. Ètò kan tí ń jẹ́ CBEX, tí ó ní ọgbọ́n àtọwọ́dá ni òun fi ń ṣòwò, dá owó àwọn tí ó gbẹ́kẹ̀ lé e dúró. Àjọ SEC, tí ń ṣàkóso ọjà ìdókòwò ní Nàìjíríà, sọ pé kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun.

Ìṣirò kékeré ì bá ti gba ọ̀pọ̀ ilé là. Bí 10,000 náírà bá ń bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù, tí a kò sì mú nínú rẹ̀, ní òpin ọdún kan yóò ti kọjá 232,000 náírà. Kò sí oko, kò sí ilé-iṣẹ́, kò sí ọjà tí ń so irú èso bẹ́ẹ̀. Owó ẹni tí ó dé lẹ́yìn ni a fi ń san ti ẹni tí ó ṣáájú. Nígbà tí ẹni tuntun bá tán, owó tán. Ìyẹn ni pé owó tí obìnrin kan gbà ní oṣù kìíní lè jẹ́ owó tí arábìnrin rẹ̀ fi sílẹ̀ nítorí pé òun ni ó pè é wọlé.

ÌBÉÈRÈ MÁRÙN-ÚN KÍ OWÓ TÓ KÚRÒ LỌ́WỌ́ YÍN

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbà yín nímọ̀ràn nípa owó, ìbáà ṣe ènìyàn, ìbáà ṣe ẹ̀rọ, ẹ fi àwọn ìbéèrè wọ̀nyí dán an wò:

1. Ta ni ó fún ọ ní àṣẹ? Báńkì ńlá àti báńkì kékeré ń gba àṣẹ lọ́wọ́ Báńkì Àpapọ̀. Ẹni tí ń bá ènìyàn dá owó lé òwò ń gba tirẹ̀ lọ́wọ́ SEC. Ẹ wá orúkọ rẹ̀ fúnra yín ní ọ̀dọ̀ àwọn àjọ náà. Ẹ má ṣe gbà á gbọ́ nítorí àwòrán ìwé àṣẹ tí ó fi hàn yín.

2. Bí ilé-iṣẹ́ yìí bá wó, ta ni yóò san owó mi? Láti 2024, àjọ NDIC ń dáàbò bo owó tí ó wà ní báńkì ńlá títí dé mílíọ̀nù 5 náírà fún oníbàárà kan, àti mílíọ̀nù 2 ní báńkì kékeré. Owó tí a fi dá òwò kò sí lábẹ́ ààbò yìí.

3. Èló ni ìwọ yóò jẹ lórí rẹ̀? Alájọ jẹ owó ọjọ́ kan, gbogbo ayé sì mọ̀. Ẹni tí ó ní òun kò jẹ nǹkan kan, ẹ wádìí rẹ̀ wò dáadáa.

4. Ọjọ́ wo ni mo lè gba owó mi, kí ni n ó sì pàdánù bí mo bá fẹ́ ẹ ṣáájú ọjọ́ náà?

5. Kí ni ìdí ìkánjú? Ìmọ̀ràn tí kò lè dúró di ọ̀la kò dára fún òní.

ỌKỌ, AYA ÀTI FÓÒNÙ

Ọ̀rọ̀ kan kù. Fóònù ti jẹ́ kí obìnrin lè ní owó tí ẹnikẹ́ni kò rí, ọkùnrin náà sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kí obìnrin ní owó tirẹ̀. Àwọn ìyá wa ní i, òun ni wọ́n sì fi gbé ilé ró ní ọjọ́ tí nǹkan le. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan ṣoṣo bá mọ ibi tí owó iléèwé ọmọ wà, tí fóònù rẹ̀ sì sọnù tàbí tí àìsàn gbé e dè, ọmọ ni yóò jókòó sílé. Ẹ kọ orúkọ báńkì àti áàpù tí ẹ ń lò sí inú ìwé kan, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí ibi tí ẹnìkejì yín mọ̀. Ẹ má kọ nọ́ńbà àṣírí sí i. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ẹ jókòó pọ̀, kí ẹ wo ohun tí ó wọlé àti ohun tí ó jáde.

Ẹ̀rọ yóò máa gbọ́n sí i, a kò sì lè sọ pé kí ó dúró. Ẹ jẹ́ kí ó máa ka owó, kí ó máa ránni létí, kí ó máa ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Abiyamọ tí ó mọ iye tí ó ní, ìgbà tí yóò lò ó, àti ẹni tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀, òun ni olórí olùdámọ̀ràn nínú ilé rẹ̀. Bí oṣù tuntun bá ti ń wọlé yìí, ẹ mú ìwé àti bírò, kí ẹ pín owó yín sí mẹ́ta bí aránṣọ wa ti ṣe, kí ẹ tó tan fóònù rárá.